Ìlàjì Ìgbín Kan

Òórùn ìgbín tí ọmọ mi tó lóyún ń dín lánàá gbé mi padà sí ilé ìdáná wa ní Ìlúpéjú, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Màmá mi lóyún nígbà náà. Ìyá Àgbà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ ìgbín, kí ọmọ má baà máa da itọ́, ó sì ní kí n máa ṣọ́ ọ. Bí mo ṣe wọlé, ẹnu Màmá kún, òróró sì ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀.

"Màmá, ẹ tu ú."

"Ẹyọ kan péré ni, ọ̀gá ọlọ́pàá."

Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì, ó sì tu ìyókù rẹ̀ sí i. Ó ṣì gbóná. Mo jẹ ẹ́ kí ó má baà ṣòfò. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ kí èyí tó dúró.

Nígbà tí àbúrò mi dé, itọ́ rẹ̀ ń rin gbogbo aṣọ tí a bá fi gbé e. Ìyá Àgbà wò mí.

"Mélòó lo jẹ́ kó jẹ?"

"Ìlàjì ẹyọ kan ni, Ìyá Àgbà. Èmi ni mo jẹ ìlàjì kejì."

Ó nu ẹnu ọmọ náà.

"Abájọ tí itọ́ tìrẹ náà fi ń rin ẹní."