Kóòtù Búlúù àti Erékùṣù Tí Oòrùn Kì Í Wọ̀

Òórùn ẹja dídì àti páálí tútù ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá mi ló ń ti ibi iṣẹ́ dé nìyẹn. Inú yàrá yìnyín ńlá kan tí wọ́n ń kó ẹran àti ẹja pamọ́ sí ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kóòtù búlúù kan tó ki bí ìbùsùn ni wọ́n sì máa ń wọ̀. Bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn fúláàtì wa ní Gulfton, tí ooru Houston ti ń bá wa fínra láti ìdájí, mà á sáré lọ gbé ojú lé kóòtù tútù yẹn. Bí wọ́n bá bọ́ ọ, mà á kó sínú rẹ̀, á sì máa wọ́ nílẹ̀ tẹ̀ lé mi kiri pálọ̀. Màmá mi á ní, "Ọmọ yìí, jẹ́ kí bàbá ẹ sinmi ná!" Ta ló ń dá wọn lóhùn?

Lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àkókò ìrun, ni bàbá mi lẹ àwòrán kan mọ́ tí wọ́n já látinú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan. Svalbard ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ọ̀pọ̀ erékùṣù tó wà lọ́nà jíjìn réré ní àríwá ayé, tó kọjá ibi tí igi lè hù. Òkè funfun, omi tó dúdú bí aró, ilé pupa mélòó kan létí omi. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Béárì funfun pọ̀ níbẹ̀ débi pé èèyàn kì í jáde nílùú láì mú ìbọn dání. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ bàbá mi lọ́kàn yàtọ̀. Wọ́n ti tò sórí ìlà físà l'Ékòó títí ẹsẹ̀ wọn fi wú, ìwé ìgbélùú wọn ní Amẹ́ríkà kò sì tíì jáde. Wọn á nàka sí àwòrán náà: "Rìsíkátù, ibí yìí, wọn kì í béèrè físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti dé, ó dé nìyẹn." Ìgbà tí mo dàgbà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìlú téèyàn máa gbà kọjá dé ibẹ̀ ń béèrè físà dáadáa!

Mo máa ń bi wọ́n pé ìgbà wo ni oòrùn ń wọ̀ níbẹ̀. Wọn á ní nígbà ooru, kì í wọ̀ rárá fún bí oṣù mẹ́rin. Mà á tún béèrè lọ́jọ́ kejì.

Lọ́dún tí gbogbo ìwé wọn pé, bàbá mi gba ìsinmi níbi iṣẹ́, wọ́n ní àwọn ń lọ sí Svalbard. Ààwẹ̀ sì bọ́ sí àsìkò yẹn gan-an. Mo bá rò ó: bí oòrùn ò bá wọ̀, ìgbà wo ni wọ́n máa ṣínu? Ebi á pa bàbá mi kú! Ní ilé kéú lọ́jọ́ Àìkú, mo bú sẹ́kún, mo sì rò ó fún alfa wa. Alfa ò rẹ́rìn-ín.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àgbà mẹ́rin láti mọ́ṣáláṣí ti jókòó sí pálọ̀ wa pẹ̀lú agbádá nínú ooru yẹn. Èyí tó dàgbà jù ní, "Bùràímọ̀, a wá bẹ̀ ọ́ ni. Má lọ síbi tí oòrùn kì í wọ̀ lóṣù ààwẹ̀. Torí Ọlọ́run." Arìnrìn-àjò lè fi ààwẹ̀ sílẹ̀, kó gbà á padà tó bá délé, bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà mẹ́rin ti wá bẹ̀ wọ́n, ọmọ Yorùbá wo ló máa lóun ò gbọ́? Wọ́n dọ̀bálẹ̀. "Mo ti gbọ́ yín, bàbá. Ẹ ṣé." Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n rọra ṣí àwòrán náà kúrò lára ògiri. Wọn ò béèrè ẹni tó sọ̀rọ̀. Èmi fara pa mọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì títí wọ́n fi wọ yàrá lọ. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí, Fulshear lẹ́bàá Houston ni mò ń gbé, bàbá mi sì wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé àwòrán yẹn jáde, wọ́n ní àwọn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Orúnkún wọn ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Kí ni èmi alákọ̀wé wá ṣe? Mo pe àwọn àbúrò mi méjèèjì, mo pe alfa. Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wọn kún pálọ̀ mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a wá bẹ̀ yín ni."

Bàbá mi ò wo ojú ẹnì kankan nínú wọn. Èmi ni wọ́n ń wò. "Rìsíkátù, ta ló sọ fún wọn lọ́tẹ̀ yìí?"

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni, bàbá. Tìgbà yẹn náà, èmi ni."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ta ló tún ń da ara ẹ̀ láàmú nígbà yẹn nítorí oòrùn ibẹ̀?"

Ojú tì mí, ẹ̀rín sì pa mí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò kúkú mọ nǹkan kan; èmi tí mo ti ń wọ awò ojú wá ń ṣe ohun kan náà. Mo fún àwọn àlejò lóúnjẹ, mo ní kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Lẹ́yìn náà ni mo ra ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá mi nínú ọkọ̀ òfuurufú.

Bàbá mi wọ yàrá lọ, wọ́n gbé kóòtù búlúù náà jáde. Wọ́n ní kí n wọ̀ ọ́ wò. Kò wọ́ nílẹ̀ mọ́.