Agolo Ìyá Onílé Wa

Bí mo bá gbọ́ tí agolo ń dún, ìyá onílé wa ní Martindale lókè òkun ni mo máa ń rántí. Òkúta ni wọ́n kó sínú agolo mílíìkì tí wọ́n fi ń lé ajá aládùúgbò kúrò lára adìyẹ wọn. A ní kí wọ́n fẹjọ́ sun city, ìyẹn ìjọba ìlú. Wọ́n ní, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

Lọ́jọ́ tí ajá náà já wọlé, tó bu àgbébọ̀ kan jẹ, Màmá onílé sáré dúńbú adìyẹ náà kó tó kú, wọ́n sì gbé abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ fún aládùúgbò. Ọkùnrin náà wá dúpẹ́, ó ní ó dùn.

Màmá ní, "Your dog caught it. I only cooked."

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà gbé òòlù, ó tún fẹ́ǹsì àárín ilé méjèèjì ṣe. Agolo ò dún mọ́.