Ìwádìí Ọkọ Ọmọ Wa

Mo ń yọ egungun lára ẹja nínú kíṣìnì nígbà tí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì bi àfẹ́sọ́nà ọmọ wa léèrè ìlú tí bàbá rẹ̀ ti wá, àti agboolé wọn.

"Daddy, ẹ rọra," ọmọbìnrin mi ń rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe interview."

"Ó wá tọrọ ọmọ mi. Ṣé kí n má wádìí ni?"

Òótọ́ ni. Kí a tó fi ẹ̀gbọ́n ọmọ wa yìí fọ́kọ, a pe àwọn èèyàn ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì bá wa béèrè bóyá àrùn tàbí olè wà nínú ìdílé ọkọ. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni èyí. Ta ni a máa pè?

Ọmọkùnrin náà kò bínú. Ó ní oko òwú kan nítòsí Hampton, tí kò jìnnà sí ilé wa ní McDonough ní Amẹ́ríkà níbí, ni wọ́n ti fi àwọn baba ńlá òun ṣẹrú. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí Àríwá àti Gúúsù orílẹ̀-èdè náà ti ń jà lórí bóyá kí oko ẹrú wọ àwọn ilẹ̀ tuntun ní ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí wọ́n dìbò yan olórí tí kò fẹ́ kó tàn kálẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ya kúrò, ogun sì bẹ́ sílẹ̀. Bí àwọn ọmọ ogun Àríwá ṣe sún mọ́ Atlanta, baba ńlá rẹ̀ kan ju ọkọ́ sílẹ̀ láàárín ebè, ó tẹ̀ lé wọn. Ohun tó wà ṣáájú ìyẹn, ìdílé wọn ò mọ̀ ọ́n.

Ọkọ mi kọjú sí mi, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń béèrè omi: "Mummy, ọmọ ẹrú ni. Bu oúnjẹ fún un, kó jẹ, kó máa lọ."

Ó rò pé ọmọ wa ò ní gbọ́, torí ohùn ọmọ náà máa ń yẹ̀ tó bá ń sọ Yorùbá.

"Daddy, ta ló tà wọ́n?"

"Kì í ṣe àwọn bàbá mi."

"Ṣé ẹ ti wádìí ẹ̀?"

Ọkọ mi ní kí ọmọ wa jáde nílé òun. Mo bẹ bàbá rẹ̀ pé kó pè é padà. Ó ní tó bá fi lè bá ọmọkùnrin yẹn lọ, kó má padà wá mọ́.

Mo sáré jáde láìwọ bàtà. Wọ́n ti wọ mọ́tò. Èmi tí mo bí i, mo kúnlẹ̀ fún un lórí kọnkéré, mo di ilẹ̀kùn mọ́tò mú. Mo ní bàbá rẹ̀ á rọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé kò ní rọlẹ̀. Kò fà mí dìde. Ó sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀.

"Mummy, ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì ohun tí Daddy pe òun. Kí ni kí n sọ fún un?"