Tíṣà Orin Wa àti Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Di Ọ̀gà

Òórùn ọṣẹ dúdú ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ilé-ìwé wa wà, lábẹ́ Màpó, bí èèyàn bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, àwọn obìnrin tó ń se ọṣẹ kò sì jìnnà sí ògiri wa. Bí atẹ́gùn bá ti yí sọ́dọ̀ wa lọ́sàn-án, òórùn eérú àti àdín á gba ojú fèrèsé wọlé, á wá bá wa níbi tí a ti ń kọrin. Àwọn tíṣà yòókù a máa ti fèrèsé. Tíṣà orin wa kì í tì í. Wọ́n ní ẹni tí òórùn ọṣẹ bá lè dí lẹ́nu, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń mí.

Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni wọ́n, ará Àrẹ̀mọ, onígíláàsì ojú, ẹnu wọn sì mú bí abẹ. Wọn kì í na ọmọ. Bí o bá kọrin tí kò dùn, wọn á bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọn á nù ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọn á wá bi ọ́ pé, "Ṣé kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn nílé yín?" Ìtìjú ìyẹn a máa ta èèyàn ju pàṣán lọ. Síbẹ̀, a fẹ́ràn wọn débi pé bí wọ́n bá sọ pé, "Èyí dára," lásán, ọmọ tí wọ́n sọ ọ́ fún kò ní lè jẹun alẹ́ nítorí ayọ̀.

Ọmọ ahunṣọ ni mí, láti agbo ilé mùsùlùmí kan ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Bàbá mi kò fẹ́ kí n wọ ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n ní orin onígbàgbọ́ ni wọ́n ń kọ níbẹ̀. Ni tíṣà bá wá sílé wa. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ní kí n ké ohun tí mo ti kọ́ nílé-kéú fún àwọn. Mo ké e. Wọ́n bá yíjú sí bàbá mi.

"Àáfà tó kọ́ ọmọ yìí ti bá mi ṣe ìlàjì iṣẹ́," ni wọ́n wí. "Ẹ bá mi kí wọn. Kí ẹ sì jẹ́ kó wá."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Báyìí ni mo ṣe di akọrin.

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni tíṣà ń kọ́ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà kọ́ ọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ní orin tirẹ̀ nínú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ wa ni ká má bà á jẹ́. Wọn á kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, wọn á kọ dò, re, mí sábẹ́ rẹ̀, a ó máa kọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí ọ̀rọ̀ àti ohùn yóò fi di ọ̀kan. Bí orin ìsìn kan bá mú ọ̀rọ̀ lọ sókè níbi tó yẹ kó balẹ̀, wọn kì í jẹ́ ká kọ ọ́. Wọ́n ní ká máa fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn òyìnbó tó ṣe é.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò wọ̀ létí rárá ni ọ̀gá ilé-ìwé wa. Ó ti lọ sí ìlú òyìnbó fún ìgbà díẹ̀, kò sì sí ohun tó mú bọ̀ níbẹ̀ ju kóòtù dúdú kan tó ń wọ̀ nínú oòrùn, àti ahọ́n kan tí kì í ṣe ti òyìnbó, tí kì í sì í ṣe tiwa. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá níwájú rẹ̀ á kúnlẹ̀. Tíṣà orin ju ú lọ ní ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n "ìwọ" ló ń pè wọ́n níwájú wa. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi náà á ti kíyè sí i pé mò ń pe tíṣà ní "wọ́n", mo sì ń pe ọ̀gá yìí ní "ó". Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣòfò.

Lọ́dún kan, olóṣèlú ńlá kan ń bọ̀ wá sí gbọ̀ngàn Màpó, wọ́n sì ní kí ilé-ìwé wa kọrin kí i káàbọ̀. Ọkùnrin náà sanra gan-an, kò sì tíì pẹ́ tó fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tó bọ́ sí ẹgbẹ́ tó ń bú tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ní òun fúnra òun ni yóò ṣe orin náà. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan pé, "Ọ̀gá wa dé, àgbà ìlú," ó sì lọ gbé ohùn orin òyìnbó kan lé e lórí. Tíṣà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n tọ̀ ọ́ lọ lójú wa.

"Sà, ẹ dákun, ohùn yìí ń balẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè. Kì í ṣe ọ̀gá làwọn ọmọ yìí ń pe àlejò wa. Ọ̀gà ni wọ́n ń pè é."

"Ọ̀gà wo?"

"Alágẹmọ, sà. Àgbà náà ti di àgbá. Àgbá ìlù ni wọ́n ń kọ."

Ó wo tíṣà láti òkè dé ilẹ̀. "Àwọn èèyàn tó lajú ló ń bọ̀. Ta ni ìwọ rò pé yóò gbọ́ ìyẹn?"

"Àwọn tó lajú náà, sà, Yorùbá ni ìyá wọn fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún."

Ó ní kí wọ́n lọ jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa ní orin náà títí ọjọ́ fi pé, tíṣà sì ń dúró lẹ́yìn kíláàsì, wọ́n ń wo ìta.

Lọ́jọ́ náà, Màpó kún dé àtẹ̀gùn. Àwọn ará Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ ti pa ọjà wọn tì láti wá wòran. Ọ̀gá ilé-ìwé wa dúró níwájú wa nínú kóòtù rẹ̀, ó kẹ́yìn sí èrò, ó gbé ọ̀pá funfun kan sókè, a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a kọ ìlà àkọ́kọ́, àwọn èrò ń wojú ara wọn. Nígbà tí a tún un kọ, bàbá arúgbó kan ní ẹ̀bá òpó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Àwọn ọmọ yìí mà gbọ́n." Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba àárín àwọn obìnrin lọ, ó dé orí àtẹ̀gùn, ó bọ́ sí ìta. Olóṣèlú náà ń nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀tẹ́. Ọ̀gá wa rò pé inú wọn ń dùn ni. Kò wẹ̀yìn. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ṣàpẹẹrẹ sí wa pé ká tún un kọ, kó lọ sókè sí i, a sì gbé e sókè. Alágẹmọ wa dé, àgbá ìlù. Títí dòní, n kò tíì rí ẹni tó fi ìgboyà bẹ́ẹ̀ wa kòtò fún ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ó kó wa jọ sí gbàgede níwájú àwọn ìgbìmọ̀ ilé-ìwé. Ó ní tíṣà orin ló kọ́ wa ní èébú láti ba òun lórúkọ jẹ́. Ó wá bi àwa akọrin pé, "Àbí kì í ṣe òun?" Gbogbo wa ń wo ilẹ̀. Mo rí tíṣà tí wọ́n dúró ní tiwọn, apá wọn wà lẹ́yìn, wọn kò bẹ ẹnikẹ́ni. N kò mọ bí ẹnu mi ṣe là.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, sà."

Ó fi pàṣán na apá mi títí awọ fi bó. Tíṣà bọ́ sáàárín, wọ́n gba pàṣán náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Wọ́n ní, "Òótọ́ ló sọ. Ohùn rẹ̀ kò sì yẹ̀." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti lé tíṣà kúrò níṣẹ́. Àwọn ìgbìmọ̀ mọ òótọ́. Ìdajì wọn wà ní Màpó lọ́jọ́ náà, wọ́n bá àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ló ní kóòtù ìlú òyìnbó.

Mo sunkún tẹ̀lé tíṣà dé ẹnu ọ̀nà. "Dákẹ́," ni wọ́n wí, "ẹkún a máa ba ohùn jẹ́. Ọkùnrin yẹn kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ mọ́. Àwọn kan á ní kó ṣe ọ́ láàánú. Èmi ò ní irú àánú bẹ́ẹ̀."

Pálọ̀ wọn ní Àrẹ̀mọ di ilé-ìwé wa. A máa ń lọ lẹ́yìn ìyálẹ̀ta Sátidé, ìyàwó wọn á fún wa ní ẹ̀kọ, a ó kọrin títí. Ọ̀gá ilé-ìwé ní tirẹ̀ ń gòkè sí i, ó di olùbẹ̀wò, ó joyè nínú ìjọ. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kì í ṣubú. Wọ́n fúyẹ́ jù.

Èmi náà ti di tíṣà orin nígbà tí tíṣà mi kú. Ìyàwó wọn ní kí n ṣíwájú orin níbi ìsìnkú. Ta ló gorí àga ìwàásù láti sọ̀rọ̀ nípa òkú? Ọ̀gá ilé-ìwé ni. Ó ní ọ̀rẹ́ òun àtàtà ni, ó ní òun lòun kọ́kọ́ rí ẹ̀bùn rẹ̀, ó fi aṣọ ìnujú kan ojú rẹ̀ tó gbẹ. Ó ti yan orin òyìnbó kan fún wa. A kò kọ ọ́. Orin tí tíṣà ṣe fúnra wọn la kọ, ọ̀rọ̀ wà ní ipò rẹ̀, ohùn wà ní ipò rẹ̀, àwọn àgbàlagbà sì ń mi orí. Nígbà tí a jáde, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò dá mi mọ̀.

"Orin yín dùn. Kí ló dé tí ẹ ò kọ èyí tí mo yàn?"

"Nítorí pé òkú náà ń gbọ́, sà."

Ó mi orí bí ẹni tó gba ìyìn. Kò yé e.

Ohùn mi ti há báyìí, n kò lè kọrin mọ́. Etí ni tíṣà fi sílẹ̀ fún mi. Mo ti jókòó níbi tí àwọn èèyàn ńlá ti ń sọ̀rọ̀, tí gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́, tí mo sì gbọ́ ọ gbangba pé ohùn ti yà kúrò lára ọ̀rọ̀, ọwọ́ mi kò sì ní gbé. Àwọn ọmọ mi ní mo máa ń gan èèyàn jù. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ èyí tó tọ́ rí ló lè fara mọ́ èyí tó wọ́, ẹnì kan sì ti jẹ́ kí n gbọ́ èyí tó tọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé.