Adìẹ Tó Wọlé Ṣáájú Ìdáhùn Mi

Òórùn kan wà tí kì í kúrò lára mi ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin di òròmọdìẹ, lẹ́yìn Ìlọràá. Kì í ṣe òórùn ìgbẹ́ adìẹ o, bí àwọn èèyàn ṣe máa ń rò. Òórùn ìyẹ́ ara òròmọdìẹ ni, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó wá dà pọ̀ mọ́ ti oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń dà sínú omi ìwẹ̀ wa. Ìwọ náà ti bá mi jókòó nínú mọ́tò Ọ̀yọ́ rí, o sì mọ̀ pé ẹni tó bá fara tì mí á kọ́kọ́ rò pé ọsibítù ni mo ti ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń wọ ilé ẹ̀rọ náà láìwẹ̀. Tó o bá dé ẹnu ọ̀nà, wàá bọ́ aṣọ tó o wọ̀ wá láti ilé, wàá wẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀, wàá gbé aṣọ iléeṣẹ́ wọ̀ ní òdìkejì, kó o tó fojú kan ẹyin kan ṣoṣo. Ìyàwó mi máa ń sọ pé èmi nìkan ni ọkùnrin Fìdítì tó ń wọ mọ́tò lọ wẹ̀ ní Ìlọràá.

Iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ ni kí n máa fi iná yẹ ẹyin wò. Inú yàrá tó ṣókùnkùn ni mo máa ń jókòó sí, màá gbé ẹyin síwájú iná kékeré kan, màá wo inú rẹ̀. Èyí tó bá ti ní ọmọ nínú máa ń yọ iṣan pupa tín-ín-rín bí gbòǹgbò ewéko. Èyí tó bá ti kú máa ń dákẹ́ ni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó dà bí iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́fà ni mo kà, iṣẹ́ náà kò sì gbà ju ojú tó ń ríran àti ìdí tó lè jókòó pẹ́.

Òfin kan wà níbẹ̀ tó le ju ti ìwẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ sin ohun abìyẹ́ nílé, ìbáà ṣe adìẹ, ìbáà ṣe pẹ́pẹ́yẹ, ìbáà ṣe ẹyẹlé, kó má baà gbé àrùn wá bá àwọn òròmọdìẹ. Ní Fìdítì tí adìẹ ti ń rìn wọ pálọ̀ bí ẹni tó wá kí onílé, ilé tèmi nìkan ni àkùkọ kì í kọ níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò kan rò pé èèwọ̀ ìdílé wa ni. Àwọn kan ní ìyàwó mi ló láhun. Lọ́jọ́ tí a sọ àkọ́bí wa lórúkọ, àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Akínmọ́rìn, gbé abo adìẹ tó sanra wá láti oko. Mo dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà níwájú àwọn àlejò, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fà á fún ará ilé kejì, kí adìẹ náà má wọlé. Wọ́n ṣe bí mo ṣe wí, wọn ò bínú. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, iṣu ni wọ́n ń gbé wá. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á gbé iṣu náà sókè bí ẹni tó fẹ́ fi han ọlọ́pàá, wọ́n á ní, "Kò níyẹ̀ẹ́ o. Ṣé ó lè wọlé?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà títí ẹ̀rọ tuntun fi dé, èyí tó lè yẹ odindi àwo ẹyin wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá wa kó wa jọ sábẹ́ igi tó wà lẹ́yìn ọgbà. Ó ní kò sẹ́ni tí wọ́n lé, ṣùgbọ́n ààyè ti dín kù. Ẹni tó bá fẹ́ dúró á wá jókòó fún íńtáfíù, bíi pé kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, wọ́n á fi nǹkan sí i lọ́wọ́, wọ́n á kí i pé ó dàbọ̀. Àwọn kan ń ráhùn, àwọn kan ń gbàdúrà. Èmi ò ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Ṣé o mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá sùn lé apá ara rẹ̀, tó wá jí tó ń gbé apá náà kiri bí ẹrù ẹlòmíì? Báyìí ni gbogbo ara mi ṣe kú tipiri. Mo padà sínú òkùnkùn mi, mo ń gbé ẹyin síwájú iná lọ.

Ọmọ Ìwàrè kan wà tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ó kéré sí mi, ara rẹ̀ sì yá gágá. Kó tó di pé a jáde lọ́jọ́ náà, ó ti pinnu pé òun ń lọ. Ó ní òun fẹ́ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, pé tí a bá pa ohun tí wọ́n fẹ́ fún wa pọ̀, á tó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ," ló wí. "Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe íńtáfíù fún èèyàn." Mo ní màá rò ó. Irọ́ ni, mi ò ro nǹkan kan. Ìgbà tí mo bá fẹ́ rò ó, ẹ̀rù á ti gba àga. Ẹ̀rù ń bà mí láti lọ, torí mi ò mọ ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ata. Ẹ̀rù ń bà mí láti dúró, torí iṣẹ́ tó kù ni kí n máa fọ àwo ẹyin fún ẹ̀rọ tó gba ipò mi. Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀rù íńtáfíù fúnra rẹ̀ ń bà mí, èmi baba ọmọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níwájú ewúrẹ́ ìyàwó mi láràárọ̀, màá ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Mo jẹ́ olóòótọ́ èèyàn." Ewúrẹ́ náà á máa jẹ èèpo iṣu rẹ̀ lọ. Mo tún yá táì lọ́wọ́ tíṣà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa. Òun ló bá mi ta kókó rẹ̀, mo sì rọra fà á yọ gba orí láìtú u, mo fi kọ́ sára ìṣó.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú íńtáfíù ni mo ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo bá abo adìẹ kan ní àárín àgbàlá, tó ń yẹ ìdí ìkòkò wò bíi pé òun ló fẹ́ gba ilé náà. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wojú mi. Ó sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́ pé Ìyá Akínmọ́rìn ló gbé e dé, pé ọlọ́kadà kan ló sọ ní Akínmọ́rìn pé wọ́n ti lé gbogbo wa lẹ́nu iṣẹ́, pé ìyá náà gun ọ̀kadà pẹ̀lú adìẹ lábẹ́ apá láti wá bá mi kẹ́dùn. "Ẹnu mi ò gbà á láti dá wọn padà, Bàbá Ìdáyá," ló wí. "Ẹ bá wọn sọ ọ́."

Mo wọlé lọ bá wọn lórí ẹní. Wọ́n kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, wọ́n fi orúkọ Ọlọ́run tù mí nínú, wọ́n ní ohun tó lọ, Ọlọ́run á fi àlùbáríkà rọ́pò rẹ̀. Mo ń ṣe àmín. Wọ́n bi mí ṣé mo rí adìẹ wọn. Mo ní mo rí i, ẹ ṣeun, mà. Ó yẹ kí n sọ nígbà náà pé iṣẹ́ kò tíì bọ́, pé ọ̀la ni wọ́n fẹ́ bi mí ní ìbéèrè. Gbólóhùn náà wà lẹ́nu mi. Mo jókòó tì wọ́n, a jọ jẹ iyán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo fi táì bọ ọrùn, mo lọ sí Ìlọràá. Inú mọ́tò, gbogbo èèyàn ń pè mí ní ọ̀gá. Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ, tí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ nawọ́ ọṣẹ sí mi, ni mo tó rántí pé màá wẹ̀. Ibi tí mo ti ń wẹ̀ lójoojúmọ́ láti ọdún mélòó, mo wọ táì lọ síbẹ̀. Mo bọ́ táì, mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ iléeṣẹ́ tó gbòòrò jù fún mi àti sálúbàtà rọ́bà, mo sì wọlé lọ jókòó níwájú wọn pẹ̀lú omi létí.

Ọ̀gá wa wà níbẹ̀, pẹ̀lú obìnrin kan tó wá láti Ìbàdàn, tó ń rẹ́rìn-ín sí mi bíi pé òun náà mọ bí omi ṣe máa ń dí èèyàn létí. Mo ti múra sílẹ̀ fún gbogbo ìbéèrè tó le. Èyí tó rọrùn ni mo gbàgbé. Òun ni obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀.

"Sà, ṣé ohun abìyẹ́ kankan wà nílé yín?"

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń bi wá ní ìbéèrè yẹn, ìdáhùn rẹ̀ kì í sì gùn. Ẹnu mi là.

"Adìẹ kan wà."

Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá bàbá ò gbọ́ ìbéèrè. Mo ní mo gbọ́ ọ, sà. Obìnrin náà bi mí ta ló ni adìẹ. Mo lè sọ pé àlejò ló gbé e wá, òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti parí síbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn kan tó jọ tèmi, tó ń sọ pé, "Èmi ni mo ni ín. Wọ́n fi ta mí lọ́rẹ."

Obìnrin náà gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Kò fi ìbínú sọ̀rọ̀ rárá, ì bá tiẹ̀ sàn kó bínú. Ó ní kí n lọ gbé adìẹ náà kúrò nílé, kí n fọ gbogbo ibi tó dé, kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ó ní ààyè mi wà níbẹ̀, pé àwọn ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Mo dúpẹ́, mo padà lọ wẹ̀, mo ká táì sápò. Ọmọ Ìwàrè yẹn ń dúró dè mí lójú títì, ó bi mí bó ṣe lọ. Mo ní wọ́n rán mi lọ lé adìẹ kúrò nílé. Ó rò pé mò ń ṣàwàdà.

Ìgbà tí mo délé, Ìyá Akínmọ́rìn ti di ẹrù wọn. Ìyàwó mi ti ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, gèlè ti wà lórí, adìẹ wà nílẹ̀ níwájú wọn, wọ́n ti fi aṣọ tó ya de ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Wọn ò wò mí lójú.

"Àjàní, mi ò mọ̀," ni wọ́n wí. "Wọ́n ní iṣẹ́ ti bọ́ ni. Mo rò pé bí ilẹ̀kùn ọ̀hún bá ti tì, tibí á ṣí. Bá mi pe ọ̀kadà."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé adìẹ náà fún wọn. Ẹyin tí ọwọ́ mi ti gbé kò lóǹkà, òròmọdìẹ náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti fọwọ́ kan adìẹ tó dàgbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì lábẹ́ ìka mi. Mo rò pé mo ń gbé e sókè ni, ìgbà tí mo wo ọwọ́ mi, mo rí i pé kókó aṣọ yẹn ni mò ń tú. Adìẹ náà gbọn ara nù, ó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wọlé.

Wọ́n bi mí pé iṣẹ́ ńkọ́. Mo ní, "Ó ti wọlé, mà. Ẹ jẹ́ kó wà."

Ìyàwó mi bi mí bóyá mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀. Ó wọ ilé ìdáná, ó bu àgbàdo jáde, ó dà á sílẹ̀ fún adìẹ. Ìdáhùn tirẹ̀ nìyẹn. Ìyá Akínmọ́rìn tú gèlè wọn, wọ́n ní kó bá àwọn bu omi wá. Lọ́jọ́ Ajé, mi ò lọ sí Ìlọràá. Fóònù mi dún. Mo dúró tì í, mò ń wò ó títí ó fi dákẹ́. O rí akọni èèyàn.

Ibi tá a ti ń rin ẹ̀gẹ́ wà lójú ọ̀nà Ìwàrè báyìí, èmi àti ọmọ Ìwàrè yẹn. Bó bá ṣe wu ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tó bá kọ̀, ẹ̀rù tí mo rò pé mo fi sílẹ̀ ní Ìlọràá á tún wá jókòó tì mí, á bi mí bóyá mo gbádùn ara mi. Òórùn ẹ̀gẹ́ ló kù lára mi. Nínú mọ́tò, ẹnikẹ́ni ò rò pé ọsibítù ni mo ti ń bọ̀ mọ́.

Tí wọ́n bá bi mí bóyá wọ́n lé mi ni àbí mo fẹsẹ̀ ara mi kúrò, mi ò mọ èyí tí màá mú. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ti inú yàrá òkùnkùn yẹn lọ. Ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí ẹyin tí iná lè fi nǹkan hàn nínú rẹ̀. Èyí tó wà láàyè àti èyí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, bákan náà ni wọ́n máa ń dákẹ́, a ó dá wọn padà sínú ooru, a ó máa retí. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi kú tipiri yẹn, mo rò pé òfìfo ni mí. Mo ti dá ara mi sọ́tọ̀ fún sísọnù.

Ìyá Akínmọ́rìn kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Wọ́n á wọlé tààrà, wọ́n á gba ìdí ìkòkò lọ, wọ́n á béèrè adìẹ wọn kí wọ́n tó béèrè mi.