Àwọn Ilé Tó Ń Bá Nọ́ọ̀sì Jà

Òórùn ọṣẹ ọmọ tó pò mọ́ ti ọ́ìlì ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú bí mo bá rántí ìgbà tí mo ń kanlẹ̀kùn kiri ní Muṣin. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ ni nígbà náà. Ọmọ tíṣà ni mí, Sùúrùlérè ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nílé tó jẹ́ pé bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, ohun tó wà níbẹ̀ gan-an ni wàá sọ, bàbá mi ò sì fẹ́ àlùmọ̀kọ́rọ́í. Ilé iṣẹ́ kan ní Yábàá tó ń rán nọ́ọ̀sì lọ bá àwọn abiyamọ nínú ilé wọn ló gbà mí síṣẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti bímọ títí ọmọ yóò fi máa rìn ni nọ́ọ̀sì yóò máa wá wò ó. Èmi kọ́ ni nọ́ọ̀sì o. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n wọ àwọn ilé tí nọ́ọ̀sì ti dé, kí n wádìí bóyá ìbẹ̀wò yẹn ń ṣe ọmọ àti òbí lóore, kí n sì wá jábọ̀ fún ọ̀gá mi. Mo ra bàtà tuntun sí i. Mo tún ra awò ojú tí ojú mi ò béèrè fún, torí mo gbà pé ẹni tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò gbọ́dọ̀ jọ ẹni tó mọ nǹkan. Bí mo bá rántí awò yẹn báyìí, ẹ̀rín ni mo máa ń rín.

Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kí n fi bẹ̀rẹ̀ ló ń mójú tó àwọn òpópónà kan lẹ́yìn ọjà, níbi tí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì àti yàrá tí ènìyàn ń gbé ti fara kan ara wọn. Obìnrin tó sígbọnlẹ̀ ni, ó máa ń yára rìn, kò sì mọ̀ ọ́n sọ jẹ́jẹ́. Láti ìta ni wàá ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ọmọ mi dà? Ta ló wé e báyìí nínú ooru?" Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan àwọn tó tó bí i lọ́mọ. Mo ní kó má tẹ̀ lé mi, kí àwọn abiyamọ lè sọ tinú wọn láìbojú wẹ̀yìn. Ọgbọ́n ńlá ni mo rò pé mo gbọ́n.

Ilé tí mo bá wọ̀, wọ́n á ti gbọ́ pé mò ń bọ̀. Wọ́n á nu àga, wọ́n á rán ẹnì kan lọ ra mínírà tútù, wọ́n á sì gbé ọmọ jáde pẹ̀lú fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán gangan. N ó béèrè pé báwo ni ara ọmọ. "A dúpẹ́." Ṣé kò ṣàìsàn látìgbà tí wọ́n ti bí i? "Ká má rí i." Ṣé nǹkan kan wà tí ọwọ́ wọn ò ká? "Rárá o, Àǹtí, gbogbo ẹ̀ ló dáa." Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì ńkọ́? "Ọlọ́run á bá wa san án fún un." Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, àmọ́ kò sọ sí mi lọ́kàn pé èmi ni àlejò tí wọ́n ń wí. Ìdáhùn dáadáa ni mo ń kó jọ, inú mi sì ń dùn. Lálẹ́ n ó máa sọ fún bàbá mi pé mi ò mọ̀ pé Muṣin rọrùn tó báyìí.

Ilé tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ti ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Àlàájà. Ó ti ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹ́ńjìnnì bá ń dún nítòsí, á sọ ohun tó ń ṣe é fún ọ láìdìde. Ọmọ rẹ̀ mẹkáníìkì ń ṣiṣẹ́ ní iwájú ilé, ìyàwó ọmọ náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí wọn, obìnrin. Àlàájà ló ń wẹ ọmọ náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ti Àlàájà sì kọjá orí, torí àti orí, àti ọrùn, àti ìdí, kò sí èyí tí kì í tọ́ sọ́nà láràárọ̀. Òun náà ní gbogbo nǹkan dára. Òun gan-an ló ṣàdúrà fún mi jù.

Ọ̀gá mi ka ohun tí mo kó wá, kò pariwo, kì í pariwo. Ó kàn sọ pé, "Àwọn ilé wọ̀nyí ò níṣòro kankan. Kí wá ni Nọ́ọ̀sì ń lọ ṣe níbẹ̀? Àwọn abiyamọ wà ní Ìwáyà létí ọ̀sà tí wọn ò rí ẹnikẹ́ni. A ó gbé e lọ síbẹ̀." Ìyìn tí mo fi ayọ̀ kó jọ ni wọ́n fẹ́ fi gba Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ àwọn tó ń yìn ín. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n padà lọ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó ṣe ìpinnu. Ó gbà, àmọ́ mo rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí mo sọ fún Nọ́ọ̀sì, ó ní ibi tí wọ́n bá rán òun ni òun máa lọ, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. N kò gbọ́ kí ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo tètè jáde lọ́jọ́ kejì, mo wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá lọ sílé Àlàájà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bá a lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ wà lórí itan rẹ̀ nínú ọṣẹ. Kò sáyè àga nínù, kò sáyè mínírà. "Wò ó, bá mi fa tówẹ̀lì yẹn. Gbà á. Má jẹ́ kó bọ́ o!" Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọmọ ti wà lọ́wọ́ mi, ó ń yọ̀ tẹ̀rẹ́, ó sì tọ̀ sí mi láṣọ láti àyà dé orókún. Àlàájà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo tún béèrè bí mo ti ń béèrè, pé ṣé ara ọmọ le. "A dúpẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ilé yọjú láti inú yàrá, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ife omi yẹn kúrò nítòsí ọmọ, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lónìí." Àlàájà pòṣé, òṣé gígùn. "Obìnrin alágídí yẹn!"

Mo ní, "Kí ló fi ṣe yín, mà?"

Àfi bí ìgbà tí mo ṣí ẹ̀rọ omi. "Kí ni kò fi ṣe mí? Ó ní kí ọmọ mi ṣe ìkọ́ irin sókè ẹnu ọ̀nà yìí. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi kọ́. Wọ́n ní ọmọ! Wọ́n fẹ́ wọn ọmọ! Ṣé ẹran ni? Ṣé wọ́n fẹ́ tà á ni? Mo gbé hámà, mo yọ ìkọ́ yẹn dànù lójú gbogbo wọn." Ó ní Nọ́ọ̀sì ò bá òun jiyàn. Ó lọ, ó sì padà wá pẹ̀lú òṣùwọ̀n pẹlẹbẹ, irú èyí tí ènìyàn ń dúró lé, ó ní òun ò wọn ọmọ mọ́, Àlàájà fúnra rẹ̀ ni òun fẹ́ wọ̀n. Ta ni yóò kọ̀ ọ́? Àlàájà gùn ún, ó dúró ṣánṣán. Nọ́ọ̀sì wá gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó ní kó tún dúró díẹ̀, ó yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì, ó sì mọ bí ọmọ ṣe wúwo tó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbàkígbà tó bá wá, àwọn aládùúgbò á dúró wòran. "Ìgbà tó yá, ó ní èmi ń sanra, ọmọ ò sanra. Ó ní omi àti àgbo tí mò ń rọ fún un ló ń gba àyè ọmú nínú ẹ̀. Omi! Omi tí Ọlọ́run dá! Mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ gbọọrọ. Ó kàn ń wá ni. Á kí mi, mi ò ní dáhùn, á tún kí mi. Ó ní ká fi omi sílẹ̀ títí di ìgbà tá a bá tún gun òṣùwọ̀n, pé bí ọmọ ò bá ti wúwo sí i, òun ò ní í sọ nǹkan kan mọ́." Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Itan ọmọ ti dì lé ara wọn. "Ìwọ náà wo nǹkan."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ èyí fún mi láti ọjọ́ yìí. Ó wò mí tàánú-tàánú. "Ṣé kí n máa sọ fún àlejò pé ọmọ ilé mi rù? Tá a bá sì ní ọmọ ṣàìsàn, ṣé wọn ò ní í sọ ní ọ́fíìsì yín pé Nọ́ọ̀sì ò ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa? A ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Ó lágídí lóòótọ́, àmọ́ tiwa ni." Ìgbà náà ni mo sọ fún un pé wọ́n fẹ́ gbé e lọ, àti ìdí tí wọ́n fi fẹ́ gbé e lọ. Ó gbé ọmọ sáyà, ojú rẹ̀ sì yí padà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pa ìbéèrè mi tì. Ilé tí mo bá wọ̀, ohun kan ṣoṣo ni mo ń béèrè: "Kí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín yín àti Nọ́ọ̀sì?" Yé è! Abiyamọ kan tìlẹ̀kùn mọ́ ọn, Nọ́ọ̀sì jókòó sórí pèpéle, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń bá àwọn tó ń kọjá ṣeré títí ojú fi ti onílé, ó ṣílẹ̀kùn, ọjọ́ náà ló sì sọ fún un pé òun ò rí oorun sùn, pé ẹkún ló máa ń gbọ̀n òun láìnídìí. Ọkọ kan ń bínú pé ó mú òun wẹ ọmọ lójú àwọn ọ̀rẹ́ òun. Ó fi ìbínú sọ ọ́ fún mi, ó sì ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń gbé ọrùn ọmọ lọ́wọ́, ó ṣe é dáadáa. Kò sí ìjà kan tí wọ́n rò fún mi tí kò parí síbi tí ara ọmọ tàbí ti ìyá ti yá. Ahọ́n àti eyín ń jà, inú ẹnu kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Ẹ̀rín ni mo máa ń rín délé lálẹ́, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá mo ti rí ọkọ ni.

Mo bẹ ọ̀gá mi kó wá fúnra rẹ̀. Ó wá. Abẹ́ àtíbàbà mẹkáníìkì la jókòó sí, lórí àga tí wọ́n tú nínú ọkọ̀ àtijọ́, àwọn abiyamọ gbé ọmọ pọ̀n, Nọ́ọ̀sì sì wà láàárín wọn. Mo ní kí wọ́n ro ìjà wọn pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n rò ó, ẹnì kan ń gbà á lẹ́nu ẹnì kejì, Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bojú. Ẹ̀rín pa ọ̀gá mi, ọ̀gá mi tí mi ò rí eyín rẹ̀ rí. Ó wá nu ojú, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, bí ìjà yìí bá pọ̀ tó báyìí, ṣé kò wá yẹ ká mú un kúrò, kí ẹ lè sinmi?" Ó fi ṣeré ni, àmọ́ àwọn abiyamọ ò gbà á bí eré.

Àlàájà dìde, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó nawọ́ sí aládùúgbò rẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti tóbi. "Ọ̀gá, ẹ wò ó, ìyẹn fẹ́ bímọ. Ìyá ẹ̀ ń bọ̀ láti ilé, ìyá yẹn burú jù mí lọ. Ta ló máa kojú ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Nọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún wa. A ò tíì jà tán." Nọ́ọ̀sì ò fọwọ́ bojú mọ́, ó ń sunkún gidi. Ọ̀gá mi ní òun ti gbọ́. Nọ́ọ̀sì ò kúrò ní Muṣin. Ó gba ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó rí ẹlòmíràn fún Ìwáyà, ṣùgbọ́n wọ́n rí i.

Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ yẹn títí dòní, mo ti wọ ilé tó pọ̀ láti Èbúté Mẹ́ta dé Sùúrùlérè tí wọ́n bí mi sí. Mo ti mọ̀ pé ojú àlejò ni ènìyàn ti máa ń yin nǹkan. Ẹni tó bá ti wọ inú ilé lóòótọ́, á gbọ́ tirẹ̀, á sì sọ tirẹ̀. Inú mi máa ń dùn pé ìgbà tí mo ṣì kéré ni mo kọ́ ọ, lọ́wọ́ àwọn tó nífẹ̀ẹ́ ẹnì kan dé ibi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìyìn pa iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Nọ́ọ̀sì pè mí lórí fóònù. Ìyàwó mẹkáníìkì tún ti bímọ, ọkùnrin. Ó ní òun ń gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ láàárọ̀, òun ò tíì dé ìkóríta tí òun ti rí Àlàájà lọ́ọ̀ọ́kán, tó gbé àga síta, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo ọ̀nà òun.