Wákàtí Kan Péré ni Fóònù Wí

Ní Ilo-Awela, bí Mùsùlùmí bá kú, kí wọ́n tó pe àlùfáà ni wọ́n á ti pe Fàlílù. Ilé iṣẹ́ páànù ló ti ń jẹun, ṣùgbọ́n òkú wíwẹ̀ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Kì í gba kọ́bọ̀. "Ẹ̀tọ́ òkú lára alààyè ni," ni yóò wí, á sì ká apá aṣọ sókè.

Waliyullah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ìwakùsà kan ní òkè réré Kánádà, níbi tí yìnyín yí ká. Kàfáyá, ìyàwó ọmọ náà, ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú kékeré mìíràn níbẹ̀. Ìlú méjèèjì ní pápákọ̀ òfurufú, ká ṣáà máa pè é bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kọlu Waliyullah, ó sì kú.

Ará Sòmálíà méjì ni Mùsùlùmí tó kù níbi iṣẹ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn pe Fàlílù. Ó ní iṣẹ́ àwọn ti parí, ọkọ̀ òfurufú yóò gbé àwọn lọ lọ́sàn-án, ṣé kí àwọn wẹ ọmọ náà, kí àwọn kírun sí i lára kí àwọn tó lọ?

Fàlílù kọ orúkọ ìlú méjèèjì sínú fóònù. Fóònù ní wákàtí kan péré ni lófurufú. Ó mọ̀ pé ẹ̀sìn gba aya láyè láti wẹ ọkọ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀.

Fóònù kò purọ́, ìyẹn ló ń bí mi nínú jù. Ó kàn fa ìlà gbọọrọ láti ìlú kan dé èkejì ni, kò sọ pé ọkọ̀ kankan kì í gba ibẹ̀. Àwa tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Iyana Iyesi tó wà nítòsí máa ń gba odidi ọ̀sán mọ́ lọ́wọ́, ó mà yẹ ká fura!

Fàlílù ní kí Kàfáyá máa lọ wẹ ọkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, Kàfáyá pè padà. "Bàbá, kò sí flight tó ń lọ tààrà o! Mo ní láti kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlú ńlá, kí n tó tún gòkè padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí àwọn yẹn wẹ̀ ẹ́!"

Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àwọn ará Sòmálíà ti gbéra, fóònù wọn kò sì lọ.

Ìjì yìnyín dá Kàfáyá dúró sí ìlú ńlá. Àwọn òyìnbó níbi ìwakùsà retí rẹ̀ títí. Àwọn ará Sòmálíà ti sọ fún wọn kí wọ́n tó lọ pé Mùsùlùmí kì í pẹ́ sin òkú, ni wọ́n bá ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n gbé e sínú pósí tòun taṣọ iṣẹ́, wọ́n sì sin ín. Kò sí omi, kò sí ìrun.

Àlùfáà wa ní Ọlọ́run mọ ohun tí apá wa kò ká. A kírun sí ọmọ náà láti ibí. Fàlílù ṣe àmín, ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ Mọ̀nsúrát, aládùúgbò wa, kú. Èmi ni wọ́n rán sí Fàlílù. Ó jókòó síwájú ilé, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Bàbá Waliyullah, omi ti wà nílẹ̀. Ẹ̀yin là ń retí."

"Ẹ wá ẹlòmíràn lọ," ó ní. "Ọmọ mi wà nínú ilẹ̀ láìwẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n má wẹ̀ ẹ́."